Ọmọ Tí Ojú Rẹ̀ Ti Rí Màbo

Ẹ̀kọ́ fún àwọn olùkọ́ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, àti fún gbogbo ẹni tí ń tọ́ ọmọ. Ẹ ka 2 Sámúẹ́lì orí 4, ẹsẹ 4, àti orí 9 pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kò rọrùn fún wa láti kọ, nítorí pé láti inú àṣìṣe àwa tìkára wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì tó ọdún mélòó kan kí a tó lè sọ ọ́ ní gbangba.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò kan rọ̀ sí ìlú Ìbàdàn tí ẹni tí ó wà níbẹ̀ kò lè gbàgbé. Odò kún kọjá bèbè, omi ya wọ ilé, ó wó afárá, ó sì gbé ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Àwọn àgbà tí ojú wọn ti rí Omíyalé ti odò Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ń mi orí, wọ́n ń wí pé ohun tí àwọn rò pé ó ti lọ ni ó tún padà wá yìí. Ní ìgbà náà a wà nínú ìjọ kékeré kan ní àárín ìlú àtijọ́, kò jìnnà sí Ọjà'ba. Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì wa tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ìyá ìyá rẹ̀ ni ó ń tọ́ ọ, ẹ̀kọ ni ìyá náà sì ń tà ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó lọ sí Bẹẹrẹ. Kí òjò náà tó rọ̀, ọmọ yìí a máa dáhùn ìbéèrè kí a tó bi í tán. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ẹlòmíràn.

Nígbàkúùgbà tí ojú ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀ sí ìhà òkè Mápó, ọmọ náà a bọ́ bàtà rẹ̀, a gbá a mọ́ àyà, a gun orí bẹ́ǹṣì, a sì dúró níbẹ̀, ojú rẹ̀ ní ìhà ilẹ̀kùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín. Bí a bá ní kí ó jókòó, bí ẹni pé kò gbọ́ wa ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí òjò ń dún gbàmùgbàmù lórí páànù tí ẹnìkan kò sì gbọ́ ohùn ẹnìkejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. A pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ìgbà kẹrin a mú pàṣán, a sì nà án ní ẹgba mẹ́fà níwájú gbogbo wọn. Kò sunkún. Ohun tí ó yẹ kí ó dẹ́rù bà wá nìyẹn, ṣùgbọ́n orí kunkun ni a pè é.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbà wá sí ilé wa. Kò bínú, kò sì gbé ohùn sókè. Ó kúnlẹ̀ kí wa gẹ́gẹ́ bí ẹni pé àwa ni a jù ú lọ, ojú sì tì wá púpọ̀ nígbà tí a rántí ìyẹn nígbẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, tíṣà wa, mo gbọ́ pé ọmọ mi kò gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ẹjọ́ mi ni. Ní alẹ́ ọjọ́ tí omi wọlé, orí tábìlì ni mo gbé e lé. Mo kó bàtà rẹ̀ fún un, mo ní kí ó má sọ̀ kalẹ̀ títí èmi yóò fi padà wá gbé e, nítorí mo fẹ́ lọ wo àbúrò rẹ̀ ní yàrá kejì. Omi kò jẹ́ kí n tètè padà. Ibẹ̀ ni ó dúró sí títí ilẹ̀ fi mọ́.”

Ẹ̀yin ará, ọmọ tí a nà nítorí àìgbọràn, ìgbọràn ni ó ń ṣe. Ó ń pa àṣẹ tí ó gba ẹ̀mí rẹ̀ là mọ́. Ó ti ń bá wa sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ fún wa, ó ń fi bàtà rẹ̀ sọ fún wa, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnu nìkan ni àwa ń wò, a kò gbọ́ ohun kan.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Òwe náà dára, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà. Ní ti ọmọdé, a ní láti fi ohun kan kún un: ohun tí ó dùn ún jù ni ó máa ń jìnnà sí ẹnu rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ń pọ̀ nínú ìṣe rẹ̀. Èyí ni kókó ẹ̀kọ́ wa.

Nínú Ìwé Mímọ́ a ka ti ọmọ kan tí ibi bá ní ọmọ ọdún márùn-ún. Ìròyìn ikú Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì ti Jésíréélì wá, olùtọ́ Mefibóṣẹ́tì gbé e, ó ń sá lọ, ọmọ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yarọ. Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni ó ti bọ́. Nígbà tí Dáfídì ránṣẹ́ lọ mú un wá láti Lódébárì, ó ti dàgbà, ó ti bí ọmọ, síbẹ̀ òkú ajá ni ó pe ara rẹ̀ níwájú ọba. Ẹ wo ohun tí ọba náà ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Ó pè é ní orúkọ. Ó ní kí ó má bẹ̀rù. Ó dá ilẹ̀ baba rẹ̀ padà fún un, ó sì fún un ní ìjókòó níbi oúnjẹ ọba, tí kì í ṣe ti ọjọ́ kan. A kò rí i kà pé ó bi í léèrè bí ó ti ṣe yarọ.

Ṣùgbọ́n a kò ní láti rìn jìnnà tó Lódébárì. Nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa yìí, ní Òṣóògùn ní ìhà Ìṣẹ́yìn, ní ọdún 1821, ogun wọ ìlú ní òwúrọ̀ nígbà tí àwọn ìyá ń tọ́jú oúnjẹ. Ọmọkùnrin kan tí ó tó ọmọ ọdún 12 tàbí 13 wà níbẹ̀, Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, tí a yà sí mímọ́ ní Canterbury ní ọdún 1864. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ ti Bíbélì Yorùbá rẹ̀, wọ́n sì mọ ti iṣẹ́ rẹ̀ ní odò Ọya. Ti ọmọ náà Àjàyí ni a kì í sábà kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni òun tìkára rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa.

Wọ́n fi okùn dè é pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìkókó. Kí ọjọ́ náà tó pé méjì, wọ́n ti yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá, wọ́n sì ti fi í pààrọ̀ ẹṣin. Olówó ẹṣin dá a padà, a tún mú un lọ. Ó tún bá ìyá rẹ̀ pàdé fún ìwọ̀n oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà a tún yà wọ́n. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á títí tí ó fi dé Èkó. Ní àárín ìrìn yìí, nígbà tí ó fura pé a fẹ́ tà á fún àwọn Pọtogí, ẹ̀rù náà wọ̀ ọ́ lára dé ibi pé ní òru ó ń rò láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 13! Nítorí náà, kí olùkọ́ kankan má ṣe wí fún wa mọ́ pé ọmọdé kò mọ ìbànújẹ́, pé bí ó bá ti jẹun yó, ó ti gbàgbé.

Nígbà tí ó fi dé etí òkun, ó ti dákẹ́. Òun tìkára rẹ̀ kọ ọ́ pé nígbà náà òun ti di àgbà nínú ìgbèkùn, òun kò ní ìrètí mọ́, ohunkóhun tí ó bá dé òun a gbà á pẹ̀lú sùúrù. Bí a bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá sí kíláàsì wa lónìí, kí ni a óò sọ? A óò sọ pé ọmọ dáradára ni, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. A óò fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tí ń pariwo. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ọkàn sí ọmọ tí ń pariwo, ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn méjì sí èyí tí ó dákẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́jẹ́ ni àlàáfíà.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun òyìnbó kan tí ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú náà. Ìgbàlà dé. Ṣé ọmọ náà yọ̀? Rárá o. Nígbà tí a kó òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gòkè sínú ọkọ̀ tí ó wá gbà wọ́n, wọ́n rí ẹran tí a fi kọ́, wọ́n sì rí àwọn ọta ìbọn ńlá tí a tò jọ. Ní ojú wọn, ẹran ènìyàn ni èyí, orí ènìyàn sì ni ìyẹn. Wọ́n rò pé àwọn ni ó kàn. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn, tí wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀, ni ọkàn wọn tó balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Nítorí náà, bí ẹ bá gba ọmọ kan sí ilé yín, tí ẹ fún un ní aṣọ àti oúnjẹ, tí kò sì dúpẹ́, tí ó ń wò yín bí ẹni tí ẹ fẹ́ pa, ẹ má ṣe pè é ní aláìmoore. Kò tí ì rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀ náà ni.

Ìgbà wo ni Àjàyí sọ gbogbo ìtàn yìí? Ọdún 1837 ni ó kọ ọ́, ní Sàró, nínú lẹ́tà sí akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. Ó ti di ọkùnrin, ó ti ní aya, ó ti di olùkọ́. Ọdún 16 ni ó ti kọjá láti ọjọ́ Òṣóògùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo iye ọdún náà dáradára, ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó ti ọmọ ní ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀, tí ẹ ń wí pé, “Sọ ọ́! Kí ni o rí? Ta ni ó kọ́kọ́ ṣubú? Ṣé o rí ẹ̀jẹ̀?” Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn ọmọdé ní ayé òde òní wà lórí ohun kan náà: a kì í fi ipá fa ìtàn jáde lẹ́nu ọmọ tí ẹ̀rù ṣì wà lára rẹ̀. A óò jẹ́ kí ó mọ̀ pé etí wa ṣí sílẹ̀, a óò sì dúró. Bí ó bá sọ ọ́ lónìí, a gbọ́. Bí ó bá di ọdún 16, a ṣì ń gbọ́.

Ohun kan ṣẹ́ kù nínú ìtàn yìí tí a kò lè ṣe aláìsọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25, Crowther àti ìyá rẹ̀ Àfàlà tún rí ara wọn. Ó kọ bí ó ti rí. Ìyá náà wárìrì. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn nínú ìdákẹ́jẹ́, omijé sì ń ṣàn ní ojú ìyá náà. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń pè é nígbà èwe. Ojú, ọwọ́, àti orúkọ. A ti ka Dáfídì àti Mefibóṣẹ́tì; ẹ wò ó bí ìyá abọ̀rìṣà kan, tí kò tí ì gbọ́ orúkọ Dáfídì rí, ti ṣe ohun kan náà. (Ní ọdún 1848 ni ó ṣe ìrìbọmi, tí a sì ń pè é ní Hánà.) Ó yé ìyá yìí pé ọ̀rọ̀ kò tíì tó àsìkò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi orúkọ ìwé nìkan pe ọmọ ní kíláàsì, ẹ bi ìyá àgbà rẹ̀ léèrè oríkì rẹ̀. Nígbà tí ọmọ tí ó ń wárìrì bá gbọ́ Àkànní tàbí Àṣàkẹ́ láti ẹnu yín, ní ohùn pẹ̀lẹ́, ẹ óò rí ohun tí yóò ṣe ní ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ìbàdàn yìí, ibùdó ogun ni kí ó tó di ìlú. Kì í ṣe láti bú àwọn baba wa ni a fi sọ ọ́. A kàn ń rán ara wa létí pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo ilé tí ó wà láti Ọjà'ba dé Bẹyẹrúnkà, ọmọ tí a kó lógun ti sùn rí, tí ó ń la àlá ìlú tí ó jó. Ní ọdún 1853, David Hinderer àti aya rẹ̀ Anna dé ìlú yìí, wọ́n sì kọ́ ilé sí Kúdẹtì. Àwọn ọmọ olóyè kan, Akínyẹlé àti Yéjídé, wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí a fi sọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ pọ̀ sí i lọ́dọ̀ rẹ̀, Ìyá ni wọ́n sì ń pè é. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860, ọ̀nà Èkó dí mọ́ wọn, owó tán, oúnjẹ wọ́n, wọ́n sì ń ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ náà lè jẹun. Wọn kò fi wọ́n sílẹ̀. Ìjàyè ṣubú ní ọdún 1862, ìyà náà kò tán títí di ọdún 1865. Ohun tí ó wú wa lórí nínú ìtàn obìnrin yìí ni pé ọmọ ọdún márùn-ún ni òun tìkára rẹ̀ nígbà tí ìyá tirẹ̀ kú ní England. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé.

Ẹ̀kọ́ kan náà ni a tún kọ́ ní London nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Anna Freud àti Dorothy Burlingham dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ ní Hampstead fún àwọn ọmọ tí ogun lé kúrò nílé. Wọ́n rí i pé ìyapa kúrò lọ́dọ̀ ìyá ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn lára ju ariwo bọ́ǹbù lọ. Wọ́n tún rí i pé ọmọ tí gbogbo olùtọ́jú ń tọ́ jẹ́ ọmọ tí ẹnìkan kò tọ́. Nítorí náà wọ́n pín wọn sí agbo kéékèèké, olùtọ́jú kan sí ọmọ díẹ̀, kí olúkúlùkù lè ní ẹni tirẹ̀. Kí ni ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Ẹkún àti owú ni! Àwọn ọmọ tí ó ti dákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí olùtọ́jú wọn bá jáde. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní nǹkan bàjẹ́. Ìfẹ́ ni ó ti dé. Ẹni tí kò ní nǹkan kì í bẹ̀rù pé yóò sọnù. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ sísọ àti ìwà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gún.

Nísinsin yìí, báwo ni olùkọ́ yóò ti ṣe gbọ́ ohun tí ọmọ kò fi ẹnu sọ? Eré ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn omi ọdún 2011, a rí àwọn ọmọ kan ní ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tí wọ́n ń fi yẹ̀pẹ̀ kọ́ ilé, tí wọ́n ń to èso kéékèèké sínú rẹ̀ bí ènìyàn, tí wọ́n sì ń da omi lé e lórí. Wọ́n ṣe é lọ, wọ́n ṣe é bọ̀. Àwọn àgbà kan lé wọn, wọ́n ní wọ́n ń fi ẹnu àti ọwọ́ pe ibi. Ibi náà ti ṣẹlẹ̀ ná. Wọ́n ń gbìyànjú láti mú un dé ìwọ̀n tí ọwọ́ wọn lè ká ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ẹ jókòó tì wọ́n. Bí ó bá pẹ́ tí ẹnìkan kò sì yọ nínú omi náà rí, ẹ lè bèèrè pé, “Ta ni yóò wá gbé wọn jáde?” kí ẹ sì wo ohun tí ọmọ náà yóò ṣe.

Àlọ́ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ohun tí ọmọ kò lè sọ nípa ara rẹ̀, yóò sọ ọ́ nípa Ìjàpá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àlọ́ kan nípa ẹranko tí ó pàdánù ilé rẹ̀, ẹ dé àárín, kí ẹ sì ní kí àwọn ọmọ parí rẹ̀. A ti gbọ́ ohun nínú irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ tí ìbéèrè ọgọ́rùn-ún kò lè mú jáde.

Ara pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tí inú ń run ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́, tí a sì lo egbòogi títí tí kò lọ. Èyí tí ó ń ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá pa gbà. Èyí tí ó ti pẹ́ tí kò tọ̀ sílé mọ́ tí ó tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó tún ń sọ̀rọ̀ bí ìkókó, tí kò sì fẹ́ fi ìró aṣọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ti àwọn tí ó dàgbà díẹ̀, ìbínú àti ìjà ni a sábà máa ń rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní ọmọ ìgboro ní Bẹẹrẹ àti ní abẹ́ Mápó, bí a bá tọ ipasẹ̀ wọn dé ẹ̀yìn, a óò bá ọmọ kékeré kan tí ẹnìkan kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wúwo. Nígbà mìíràn ènìyàn ni ibi náà ti wá, kì í ṣe omi tàbí iná, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó wà nínú ilé. Bí ọmọ bá ń bẹ̀rù ilé kan, tàbí tí ó ń sunkún bí a bá rán an sí ẹnìkan, ẹ má ṣe fi ipá rán an lọ, ẹ má sì ṣe bi í léèrè lójú àwùjọ. Bí ó bá sọ fún yín, ẹ gbà á gbọ́, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ má ṣe ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnìkan, nítorí pé ẹ ó ní láti sọ fún àwọn tí ó lè dá ibi náà dúró. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti ọdún 2006. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi àkàrà àti ẹ̀bẹ̀ parí ní ìgbàlẹ̀ ilé.

Nípa bí ọmọ yóò ti mọ̀ pé a ń tọ́jú òun, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Ohun kéékèèké tí kò yí padà ni. Bí ẹ bá ní ẹ óò wá ní ọjọ́ Ọjọ́rú, ẹ wá ní Ọjọ́rú. Bí oúnjẹ bá ń jáde ní agogo kan, kí ó máa jáde ní agogo náà. Kí a tó jáde kúrò nínú yàrá, kí a sọ fún un pé a ń jáde, kí a sì sọ ìgbà tí a óò padà. Ìwọ̀nyí dàbí ohun tí kò tó nǹkan lójú wa, nítorí pé ilẹ̀ kò tí ì yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Àṣà wa kan sì wà tí a fẹ́ bá jà díẹ̀. Bí ìyá ọmọ bá kú, a máa ń wí fún un pé ó lọ sí Èkó, tàbí pé ó rin ìrìn-àjò. Àánú ni ó mú wa sọ ọ́, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń dúró dè é. Ó ń bínú sí ìyá tí ó lọ láìdágbére, ó sì ń bẹ̀rù nígbàkúùgbà tí ẹlòmíràn bá di ẹrù. Ní ọjọ́ tí yóò gbọ́ òtítọ́ láti ẹnu ọmọ aládùúgbò, òkú méjì ni yóò sin: ìyá rẹ̀, àti ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa. Ẹ sọ ọ́ fún un ní kúkúrú, ní èdè tí ó yé e, kí ẹni tí ó fẹ́ràn jù sì gbé e sí ẹsẹ̀ bí a ti ń sọ ọ́.

A mọ̀ pé olùkà kan yóò bi wá pé, àdúrà ńkọ́? A ń gbàdúrà pẹ̀lú àwọn ọmọ, a kò sì ní dẹ́kun. Ohun tí a kọ̀ ni ti àwọn tí ń wí pé ọmọ tí ó ń ké lóru ní ẹ̀mí àìmọ́, tí wọ́n ń fi ebi pa á, tí wọ́n sì ń nà án kí ẹ̀mí náà lè jáde. Wọ́n ń fi ọgbẹ́ kún ọgbẹ́. Bí oṣù kan bá kọjá tí oorun ọmọ kò padà, tí kò jẹun, tàbí tí ó ń sọ̀rọ̀ ikú, kí a má tilẹ̀ dúró de oṣù kan ní ti èyí tí ó kẹ́yìn yìí, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Oríta Mẹ́fà. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn àti àwọn mìíràn ní ìtọ́jú ọkàn ọmọdé. Kò sí ìdí tí ará Ìbàdàn fi ní láti wá oògùn èyí lọ sí ọ̀nà jíjìn.

A ń kọ èyí nítorí pé ìdí ṣì wà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 2024, ní Baṣọ̀run nínú ìlú yìí, àwọn ọmọ péjọ sí àríyá, èrò pọ̀, wọ́n sì tẹ ara wọn mọ́lẹ̀; ọmọ 35 ni ó kú. Gbogbo ìlú sunkún àwọn tí ó kú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó jáde láàyè ńkọ́? Wọ́n padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá rí ọmọ tí kò fẹ́ tò sórí ìlà, tí ó ń ti ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, tí kò fẹ́ wọ ilé ìsìn ní ọjọ́ Ìkórè nígbà tí ẹnu ọ̀nà kún fún ènìyàn, kí ẹ tó na ọwọ́ sí pàṣán, ẹ bèèrè ibi tí ó wà ní ọjọ́ náà. Ẹ mú un gba ilẹ̀kùn kejì. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó níbi tí ó ti lè rí ọ̀nà.

Àwa pẹ̀lú ní láti tún ti wa ṣe. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé ìbẹ̀wò ìyá àgbà, a bẹ ọmọ náà níwájú àwọn tí ó rí i nígbà tí a nà án. Kò dáhùn. A gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Nígbà tí òjò tún ṣú, ó gun un, àwa sì lọ dúró tì í, a ń kọ́ àwọn yòókù láti ibẹ̀. A wí fún un ní ohùn kẹ́lẹ́ pé, “Àkànní, ilẹ̀ gbẹ. Mo wà níhìn-ín. Èmi kò lọ sí yàrá kejì.” Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní òjò kejì, àti ẹ̀kẹta. Ní òjò karùn-ún, tàbí ẹ̀kẹfà, a kò rántí mọ́, a yí ojú padà, a rí i pé ó jókòó. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣì wà ní àyà rẹ̀. Èkejì wà ní ilẹ̀.